Kọ́kọ́rọ́ Alùpùpù

Ọdún tí òjò kọ̀, tí adágún Suovanjärvi fà sẹ́yìn,
tí àwọn òkúta tí ẹnikẹ́ni ò rí rí yọrí bí ìpàkọ́ màlúù,
ọmọdé kan tó ń wá ìwọ̀ ẹja rẹ̀
fẹsẹ̀ kọ irin nínú ẹrẹ̀.
Alùpùpù ni. Aláwọ̀ búlúù. Ti Taneli.

Mo dá a mọ̀ kí ọlọ́pàá tó ka nọ́ńbà rẹ̀.
Èmi ni mo fi ọ̀dà èékánná ìyá wa
ya ìràwọ̀ kékeré sẹ́yìn ìjókòó,
tó fi gbá mi létí.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, òun mẹ́rìndínlógún.
Ìràwọ̀ náà ò tíì ṣí.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ló lọ.
Ó ní òun fẹ́ ra bátìrì nílé epo,
ó jẹ ọ̀dùnkún méjì lórí ìdúró, ó gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀.
Ìbọ̀wọ́ yẹn ni gbogbo ìlú fi ń bi wá léèrè:
ṣé ọmọ tó fẹ́ sá nílé á fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀?
Ọ̀gbẹ́ni Rautio, ọlọ́pàá ìgbà yẹn, ò bèèrè.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: Ó ti lọ sí Sùwídìn.
Àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí máa ń lọ.
Ó pa ìwé dé, ó mu kọfí wa tán.

Wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kó nù lọ.
Aune ìyá mi ò gbà.
Ó ní òkú kì í wọ bàtà,
ṣùgbọ́n ẹni tó nù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dàgbà.
Lọ́dọọdún ló ń hun ìbọ̀sẹ̀ kan,
ó ń fi ìlà méjì kún un,
títí ìbọ̀sẹ̀ fi tóbi ju ẹsẹ̀ bàbá wa lọ,
bàbá tó ń tukọ̀ lọ tó ń tukọ̀ bọ̀,
tó ń fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ adágún,
tí kò jẹ ẹja mọ́ títí tó fi kú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Wọn ò tíì bí Säde Mylläri nígbà tí Taneli lọ;
òun ni wọ́n fún ní ìwé Rautio.
Ó jókòó sórí àga kan náà, kò fọwọ́ kan kọfí.
Ó ní: Ó wà ní títì.
Ẹnìkan yí ọwọ́ alùpùpù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó tì í, ó yọ kọ́kọ́rọ́,
kó tó taari rẹ̀ somi.
Ta ní ń ti ohun tó fẹ́ sọ nù?

Wọ́n wú ilẹ̀ símẹ́ńtì ilé ọkọ̀ Urpo Kallunki,
Urpo tó gbé fìtílà ṣáájú wa lóru ìwákiri,
tó ní, "Ẹ má dé ọ̀hún, mo ti wò ó."
Egungun ajá. Ìgò. Agolo kan tó kún fún kọ́kọ́rọ́.
Mẹ́tàlélógójì. Wọ́n dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.
Méjìlélógójì kọ̀ láti wọlé.
Ọ̀kan wọlé, kò yí.
Àwọn onímọ̀ ní ìpáta ni, tàbí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo lọ bá Urpo nílé àwọn arúgbó.
Kò mọ̀ mí. Kò mọ oṣù tí a wà.
Mo pe Taneli sí i létí lẹ́ẹ̀kan péré.
Ó wo ojú fèrèsé pẹ́, ó ní:
"Òtútù mú un. Kò wọ ìbọ̀wọ́."

Mo sáré pe Mylläri láti ẹnu ọ̀nà.
Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́:
"Gbogbo ìlú ló mọ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́."

Òjò ti padà. Omi ti bo àwọn òkúta.
Ìyá mi ní kí n bá òun di òwú mú,
ó ti ń ka ojú ìlà tọdún yìí.